Ẹni Tí Gíláàsì Ilé Ìdáná Wà Fún

Mo fẹ́ràn kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn gíláàsì nínú ilé ìdáná. Bí mo bá wọ ilé ẹni tó ní i, ojú mi á ti débẹ̀ kí n tó kí onílé tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń ṣe é tà ń sọ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ilé ìdáná tó há fẹ̀ lójú. Wọ́n ní ó ń tan ìmọ́lẹ̀ káàkiri. Wọ́n ní òun ló lòde báyìí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo àwòrán tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ lórí Instagram: àwo funfun díẹ̀, ife díẹ̀, òdòdó nínú ìgò, iná kékeré tó ń tàn sí wọn lórí. Kò sí agolo mílíìkì níbẹ̀. Kò sí Bournvita, kò sí ike iyọ̀, kò sí gàrí. Bí ẹni tó ń dáná bá wọ ibẹ̀, kò ní rí ohun kan ṣoṣo tó lè fi se oúnjẹ.

Èrò tèmi ni pé nínú ilé ìdáná, ẹni tó ń dáná ló yẹ kí gíláàsì wà fún, kì í ṣe àlejò, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá gbà á, ó máa yí ibi tí a ó fi gíláàsì sí padà, á yí ohun tí a ó kó sẹ́yìn rẹ̀ padà, á sì yí irú gíláàsì tí a ó rà padà. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba pálọ̀ kọjá, torí pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì.

Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá láàárín 1975 sí 1995 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní room divider. Wọ́n máa ń fi dá pálọ̀ sí méjì, kí àga àlejò wà lápá kan, kí tábìlì oúnjẹ wà lápá kejì. Àárín rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé. Òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn gíláàsì wà, èyí tí ń ṣí síta àti èyí tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa kún. Àwo tánganran tó ní òdòdó létí. Ife tíì pẹ̀lú àwo kékeré tí ń gbé e dúró. Ife onígíláàsì tí wọ́n fi wúrà yí létí. Pyrex oníderí. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì tí wọn kò tíì yọ kúrò nínú páálí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Àti àwọn ohun ìrántí òde: ife tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí, abọ́ ike tí wọ́n kọ orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí sí lára pẹ̀lú déètì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òde tí ìyá wa ti lọ jẹ ní Abẹ́òkúta àti àyíká rẹ̀, kó kàn dúró síwájú room divider náà ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró Màámi.

N kò ní bá ẹnikẹ́ni bú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láé. Ìtòkú ni Màámi ti ń ta àdìrẹ, owó èésú ló sì fi ń ra àwo wọ̀nyẹn díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ wà lórúkọ bàbá wa. Ilé wà lórúkọ bàbá wa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ pálọ̀ wa tí kò mọ̀ pé ti ìyàwó ilé ni ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn. Àwọn obìnrin Háúsá ní irú rẹ̀, kayan ɗaki ni wọ́n ń pè é: abọ́ idẹ àti abọ́ onítánganran tí wọ́n ń tò léra wọn gègèrè nínú yàrá ìyàwó tuntun, kí gbogbo ayé lè rí i pé kì í ṣe ọwọ́ òfo ló fi wọlé ọkọ. Ohun tí obìnrin fi òógùn ara rẹ̀ kó jọ, kò yẹ kó wà nínú òkùnkùn.

Gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀yẹ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Wọ́n yẹ ohun tó wà nínú gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé ó yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá àti ti Yúróòpù: Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láti inú yanrìn àti òkúta tó wà ní àdúgbò, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Orí adé àti ọrùn ọlọ́lá ni gíláàsì yẹn lọ. Nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé nígbà tí gíláàsì pẹlẹbẹ dé, ibi ọlá nínú ilé la kọ́kọ́ gbé e sí, níbi tí ojú àlejò á ti bà á.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nípa rẹ̀. Àwa tí a ń gbé inú ilé náà kì í jẹun nínú àwo wọ̀nyẹn. Abọ́ ike àti páànù la fi ń jẹun. Bí àna bá wá, tàbí bí pásítọ̀ bá yà wá wò, kọ́kọ́rọ́ á tú kúrò létí ìró, àwo á jáde, a ó fọ eruku ara rẹ̀, àlejò á jẹun tán, a ó tún fọ̀ ọ́, ó di ìgbà mìíràn.

Nígbà tí gíláàsì ń dán ní pálọ̀, ẹ jẹ́ ká yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Igi ìdáná ni a fi ń se oúnjẹ ńlá, sítóòfù oníkẹrosíìnì ni a fi ń se kékeré, èéfín méjèèjì sì ti sọ ògiri di dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìkòkò àti ìsaasùn wà lórí pẹpẹ. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo tí a bu omi sí, kí èèrà má baà gùn ún. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì náà wọlé, kí ọbẹ̀ àná má tètè kan, torí iná mànàmáná kì í dúró tó kí fíríìjì tó lè bá wa tọ́jú rẹ̀. Eṣinṣin kò lè kọjá. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja kù, kò nílò láti ṣí ilẹ̀kùn. Á kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, á wo inú rẹ̀ láti ojú nẹ́ẹ̀tì.

Mo ti ronú lé kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì yẹn púpọ̀. Kò sí ẹni tó ń fi yangàn. Kò sí àlejò tó mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, láti orí ilẹ̀kùn dé inú agolo omi, nítorí ẹni tó ń dáná ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Èmi gbà pé òun ni baba ńlá kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó yẹ kó wà nínú ilé ìdáná wa lónìí. Ti pálọ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo ń rí tí kò dáa nínú ilé ìdáná tuntun ló wá láti inú pé a gbé room divider wọ ilé ìdáná, tí a sì gbàgbé kọ́bọ́ọ̀dù onínẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìnkùlé.

Gíláàsì kò lè gbé nínú ilé ìdáná ayé ìgbà yẹn lóòótọ́. Èéfín igi àti ti kẹrosíìnì á bò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú kò sì ní rí ohunkóhun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Gáàsì ló ṣí ọ̀nà fún un. Bí iná gáàsì bá ń jó dáadáa, tí ojú rẹ̀ jẹ́ búlúù, kì í ní èéfín dúdú. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta báyìí ń ṣe ilé ìdáná méjì: ti inú ilé fún ìrẹsì, tíì àti ọbẹ̀ kékeré, àti ti ẹ̀yìnkùlé fún ríro àmàlà, yíyan ẹja, díndín ẹran àti oúnjẹ òde. Níbi tí wọ́n bá ti pín iṣẹ́ báyìí, gíláàsì lè gbé inú ilé kó sì mọ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹnì kan ti ronú nípa ẹni tó ń dáná kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán-ilé ọmọ Austria, ya ilé ìdáná kan ní 1926 fún àwọn ilé tuntun tí ìlú Frankfurt ní Jámánì ń kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, lábẹ́ ìdarí Ernst May, ẹni tó ń darí ètò ilé kíkọ́ ìlú náà. Yàrá náà kéré: mítà 1.9 ní ìbú, mítà 3.4 ní gígùn. Wọ́n kọ́ bí 10,000 irú rẹ̀. Ó ka iye ìṣísẹ̀ tí obìnrin ń rìn láti ibi ìfọwọ́ dé ìdí ààrò, ó sì dín in kù. Ó ṣe dúrọ́ọ̀ alùmíníọ̀mù kéékèèké fún ìyẹ̀fun, ìrẹsì àti ṣúgà, orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà lára rẹ̀. Lókè ibi ìṣiṣẹ́, ó fi ilẹ̀kùn gíláàsì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù àwo. Àlejò kì í wọ ilé ìdáná tó há tó bẹ́ẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo tó lè dúró níbẹ̀ ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹ́ rí àwo kó sì mú un láìfi àkókò ṣòfò. Bí mo bá rí àwòrán ilé ìdáná yẹn, inú mi máa ń dùn, torí mo mọ ẹni tí gíláàsì ibẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kàn mí gan-an nígbà tí a fẹ́ tún ilé ìdáná Màámi ṣe.

Màámi ti lé ní 75 ọdún. Ara rẹ̀ le, ó ń dáná fúnra rẹ̀, kò sì fẹ́ gbọ́ pé kí ẹnikẹ́ni máa bá òun dáná. Ṣùgbọ́n ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí àwa ọmọ ti ń kíyè sí nǹkan kan. Ilé ìdáná tó máa ń mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀ ti kún fún ẹrù. Ife, ṣúgà, mílíìkì, iyọ̀, Maggi, ṣíbí ọbẹ̀, orí kàńtà ni gbogbo wọn wà láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí èyí tó ń padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí àbúrò mi obìnrin bá wá, á kó gbogbo ẹrù orí kàńtà wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á nu ibẹ̀ títí á fi dán, inú rẹ̀ á dùn pé òun bá Màámi tún ilé ṣe. Bó bá ti lọ tán, Màámi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ife. Á ṣí ilẹ̀kùn kan, á tì í. Á ṣí òmíràn, á dúró síbẹ̀, á tì í. Gbogbo ilẹ̀kùn náà jọra: funfun, dídán, kò sí àmì kankan lára wọn.

Kì í ṣe àìsàn tí mo lè dárúkọ fún yín. Ọjọ́ orí ni. Bí ojú rẹ̀ kò bá rí nǹkan, bí ẹni pé nǹkan ọ̀hún kò sí nínú ilé ni. Màámi kò di onídọ̀tí o. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ilé ìdáná yẹn kò ṣe fún un: ó ń kó ohun tó ń lò síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa rí i. Ọjọ́ tí èyí yé mi ni mo ní kí àbúrò mi má ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́.

Ọ̀gá káfíńtà tí a pè jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó wọn ibẹ̀, ó yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé, ó sì dámọ̀ràn ilẹ̀kùn pákó dídán láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lo pákó. Gíláàsì, nínù rẹ̀ pọ̀. Ìka ọwọ́ á máa hàn lára rẹ̀."

Màámi ní, "Ìka ọwọ́ ta ni, ọmọ mi? Ṣebí tèmi náà ni."

"Àlejò á sì máa rí gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù yín, Mà."

"Kí wọ́n rí i. Ṣé nítorí àlejò ni mo fi fẹ́ ẹ ni? Ife mi ni mo fẹ́ máa rí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó pa ohun tó yà rẹ́, ó sì tún un yà. Èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Obìnrin tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti gíláàsì pa nítorí àlejò láti ìgbà èwe wa ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ilé àwọn àgbàlagbà ti ń sọ irú ohun tí Màámi sọ. Ní Yunifásítì Stirling ní Skọ́tílándì, ẹ̀ka kan wà tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí ó ṣe yẹ ká kọ́ ilé fún àwọn tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń bá fínra, lára ìmọ̀ràn irú wọn sì ni kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ èyí tí a lè rí inú rẹ̀, tàbí kí a yọ ilẹ̀kùn ọ̀hún kúrò pátápátá. Wọ́n ní kí ohun tó wà níbẹ̀ má pọ̀ jù, kí ojú má baà rú. Wọ́n ní kí àwọ̀ nǹkan yàtọ̀ sí àwọ̀ ibi tí a gbé e lé, torí ojú àgbà kì í tètè rí funfun lórí funfun. Wọ́n ní kí a ṣọ́ra fún ohun tó ń dán tó sì ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú ènìyàn.

Ohun tí a ṣe nìyí. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè nìkan la fi gíláàsì sí, a sì fi ilẹ̀kùn pákó sílẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀, torí ìkòkò, rọ́bà, ọṣẹ àti Hypo kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa wò wọ́n. Nítòsí kẹ́túlù, gbogbo ohun tíì wà lójú kan: ife, ṣúgà, mílíìkì, Bournvita. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwo. Iyọ̀ àti èlò ọbẹ̀ wà nínú ìkẹta, ó jìnnà díẹ̀ sí ààrò. A kò jẹ́ kí ìpele kankan ga ju ibi tí ọwọ́ Màámi lè dé láì gun àpótí. A kun ẹ̀yìn inú kọ́bọ́ọ̀dù ní àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀, àwo funfun sì yọ lára rẹ̀ kedere. Láti ẹnu ọ̀nà ni wàá ti ka iye wọn. A kò fi èyíkéyìí kọjú sí fèrèsé, kí oòrùn ọ̀sán má baà sọ ọ́ di dígí tí ènìyàn á máa rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ dípò ife.

Àwo tí a kó síbẹ̀ ńkọ́? Ti pálọ̀ ni. Màámi fúnra rẹ̀ ló ní ká kó wọn wá, tòun ti ife olómi-wúrà. Àmàlà ló fi ń jẹ nínú wọn báyìí. Èyí tó ní wúrà létí nìkan la kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kò gbọdọ̀ wọ máíkírówéèfù, torí wúrà yẹn irin ni, á máa ta iná pàràpàrà. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lára ilẹ̀kùn tuntun náà. Àwọn ọmọ-ọmọ wọlé, wọ́n rí ife, wọ́n mú un, wọ́n bu omi mu. Àwọn náà kò ní láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ibi tí ife wà, èyí sì ni èrè tí mi ò tiẹ̀ rò tẹ́lẹ̀: aya àbúrò mi ọkùnrin, tó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ìyá ọkọ rẹ̀ bí àjèjì, ti ń wọlé dáná níbẹ̀ báyìí láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí gíláàsì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó àti ewu wà.

Gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń rí lọ́jà lónìí, ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Pilkington ní Ìlú Ọba kéde ní 1959 ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á da gíláàsì yíyọ́ sórí irin kan tí wọ́n ń pè ní tin, tó ti yọ́ di omi, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ fúnra rẹ̀ títí á fi tutù. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi jọ̀lọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan yún un. Yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irú yanrìn funfun tó wà ní Igbókòdà ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ìwọ̀nba irin tó wà nínú yanrìn ló ń jẹ́ kí etí rẹ̀ rí bí ewé. Kò ṣe nǹkan fún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kò nípọn tó láti yí àwọ̀ àwo padà.

Ohun tó ṣe nǹkan ni pé kó jẹ́ tempered, èyí tí wọ́n fi iná mú le. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi gíláàsì lásán sí ibi tí orí ènìyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gíláàsì lásán bí ó bá fọ́, ó ń di ẹlẹ́nu ṣóńṣó bí ọ̀bẹ. Èyí tí wọ́n ṣe ní tempered, wọ́n á mú un gbóná kọjá 600°C, wọ́n á sì fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i lójijì. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ le, inú rẹ̀ á tutù tẹ̀lé e, á máa fa ojú náà mọ́ra. Fífàmọ́ra yìí ló sọ ọ́ di alágbára ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó bá sì fọ́, á di wóró wóró tí kò ní etí mímú. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni: bí wọ́n bá ti ṣe é tán, kò ṣe é gé, kò sì ṣe é lu mọ́. Nítorí náà kí káfíńtà wọn ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, kó wọn ihò ọwọ́ ìmú pẹ̀lú, kó tó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe gíláàsì náà. Fún ilẹ̀kùn tó ní férémù, mílímítà 4 ti tó. Ó wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí náà ẹ má ṣahun lórí hínjì.

Ibi tí iṣẹ́ káfíńtà ti ń tú síta ni inú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn pákó, kò sẹ́ni tó ń wo inú. Lẹ́yìn gíláàsì, gbogbo gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ìṣó tó yọrí, gbogbo etí MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe) tí wọn kò bò, ojúkójú ni. Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú gbọ́dọ̀ dà bí ìta. Bí ilẹ̀kùn bá sì ní igi tó dábùú gíláàsì, kí ìpele inú ṣe déédéé pẹ̀lú igi yẹn, kó má baà gba àárín gíláàsì kọjá bí ilà tí ẹnì kan ṣèèṣì fà.

Àwọn kan ń béèrè nípa gíláàsì onílà àti èyí tó rí bí kùrukùru. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò fẹ́ kí àwo rẹ̀ hàn. Èmi kò fẹ́ ẹ fún àgbàlagbà, torí ohun tí a bá rí bàìbàì kò yàtọ̀ sí ohun tí a kò rí. Fún ilé ọ̀dọ́ tí ọmọ kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, ó lè wúlò. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Ààrò ni ọ̀tá rẹ̀. Epo pupa tí a ń yọ́, òróró tí a fi ń dín dòdò, oru wọn ń fò lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, eruku ọyẹ́ á sì wá lẹ̀ mọ́ òróró náà. Má fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí òkè ààrò tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, kódà bí o bá ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín. Bó bá dọ̀tí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ ti tó, lẹ́yìn náà kí o fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń nu gíláàsì fèrèsé onílúfà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Iná inú kọ́bọ́ọ̀dù dáa, Màámi ní ọ̀kan. Ara ìnfátà la so ó mọ́, torí òru tí kò sí iná gan-an ni ènìyàn ń fẹ́ rí ife láti fi mu omi lo oògùn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé tí ẹ háyà, ẹ kò nílò láti dúró di ọjọ́ tí ẹ bá kọ́ tiyín. Ẹ yan ilẹ̀kùn méjì péré, àwọn tí ẹ ń ṣí jù lọ lójúmọ́. Ẹ má gé ilẹ̀kùn onílé. Ẹ tú wọn pẹ̀lú hínjì wọn, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi férémù àti gíláàsì ṣe òmíràn tó bá ìwọ̀n wọn mu. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù òde òní, mílímítà 35 ni ihò hínjì fẹ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn tuntun á bọ́ sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà láì lu ihò tuntun sí ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi bẹ́líǹkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé ilẹ̀kùn onílé, kí ẹ kó o sábẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì kó sukúrú hínjì rẹ̀ sínú ọ̀rá kan. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ẹ dá tirẹ̀ padà sípò, ẹ kó gíláàsì yín dání.